Gbogbo pléètì kọ́ ni CD orin: ìdáhùn fún ọmọ tó ń kó orin bàbá rẹ̀ sínú plẹ́yà

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi rèé, mo kàn gé e kúrú díẹ̀:

"Olùkọ́ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, wọn ò sì fẹ́ gbọ́ nípa fóònù rárá. Mo wá ra plẹ́yà kékeré kan fún wọn, èyí tó ní bọ́tìnì, tí wọ́n lè gbé kọ́ ọrùn. 4GB ni mẹ́mọ́rì rẹ̀. Pléètì CD 41 ni wọ́n ní nílé: àpàlà, sákárà, jùjú, ìjálá Ògúndáre Fọ́yánmu. Mo kó gbogbo wọn sínú laptop, mo tún kó wọn látibẹ̀ sínú plẹ́yà. Àwọn kan dún, àwọn kan ò dún rárá. Orin tó yẹ kó ṣáájú ló ń kẹ́yìn. Jùjú tó yẹ kó máa lọ gbọọrọ ń já láàárín. Mi ò tíì kó ìdajì tán tó fi ní àyè ti kún. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?"

Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o, mà. Wọ́n á jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ ò ṣe ohun tó burú, ohun tí gbogbo wa kọ́kọ́ máa ń ṣe náà lẹ ṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ẹ mú pléètì 41 bíi pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Tí mo bá wo àlàyé yín, mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé oríṣi mẹ́ta ló wà nínú àpótí Bàbá, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí à ń gbà kó ọ̀kan kọ́ là ń gbà kó èkejì.

Torí náà, kí ẹ tó tún gbé ohunkóhun, ẹ ti pléètì kọ̀ọ̀kan bọ laptop kí ẹ kàn ṣí i wò. Ẹ wo orúkọ àwọn fáìlì tó wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá rí Track01.cda, Track02.cda, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò sí èyí tó ju 1KB lọ nínú wọn, CD orin gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n fáìlì .cda yẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe orin. Báìtì 44 péré ló wà nínú rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn kọ "ilé Bàbá Àgbà, ojúlé kẹta lọ́wọ́ òsì" sórí ìwé pélébé: ìwé náà ń júwe ilé ni, èèyàn ò lè sùn sínú rẹ̀. Tí ẹ bá dà á kọ sínú plẹ́yà, ìwé pélébé yẹn lẹ dà kọ, ilé ṣì wà nínú pléètì. Ọkùnrin kan gbé flash wá bá mi rí ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí Tákìé, orin 60 ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan ò sì dún. Mo ṣí i, .cda ni gbogbo wọn. Gbogbo orin 60 náà pa pọ̀ ò tó báìtì 3,000, ìwé tí ọmọ iléèwé kọ sójú ewé méjì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní kó lọ mú pléètì wá kí n bá a tún un ṣe. Ó ní àwọn ọmọ ti fi ṣe táyà mọ́tò wọn. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi ò dùn. Àwọn orin yín tí kò dún yẹn, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Pléètì Bàbá ṣì ń bẹ lọ́wọ́ yín, ẹ dúpẹ́.

Oríṣi kejì ni èyí tí wọ́n máa ń kọ "orin 100" sí lẹ́yìn, tí wọ́n ń tà lójú pópó. Tí ẹ bá ṣí i, fáìlì .mp3 lẹ máa rí, ó sì máa pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ẹ má yí èyí padà sí nǹkan kan. Ẹ kàn dà á kọ bó ṣe wà, ó ti parí. Mo mọ̀ pé ẹnìkan lè sọ fún yín pé tí ẹ bá yí i sí FLAC tàbí WAV (oríṣi fáìlì orin tí kì í sọ ohun kan nù), ohùn rẹ̀ á tún mọ́ sí i. Irọ́ ni. MP3 dà bí ẹ̀bà: omi ti dé inú gàrí, a ti rò ó. Ẹ lè da ẹ̀bà padà sínú àpò gàrí tí ẹ bá fẹ́, àpò á wúwo, kò ní di gàrí mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ẹ bá tún yí MP3 sí MP3 mìíràn tó kéré jù ú lọ torí àyè: ohùn á tún bàjẹ́ sí i lẹ́ẹ̀kejì. Tí àyè ò bá gbà á, ẹ yọ àwọn orin tí Bàbá ò fẹ́ràn níbẹ̀ kúrò.

Oríṣi kẹta ló máa ń tan èèyàn jẹ jù. Pléètì tó jẹ́ pé tí ẹ bá fi sínú ẹ̀rọ DVD, olórin á yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, á máa jó. VCD nìyẹn, gbogbo wa la sì ń pè é ní CD. Nínú rẹ̀, ẹ máa rí fódà kan tí wọ́n ń pè ní MPEGAV, àti fáìlì bíi AVSEQ01.DAT. Orin àti àwòrán ló wà pọ̀ níbẹ̀, plẹ́yà Bàbá ò sì lè mọ èyí tí yóò mú. VLC, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń lu orin àti fídíò, ni kí ẹ fi yọ orin náà jáde: ẹ lọ sí Media, lẹ́yìn náà Convert/Save, ẹ yan fáìlì .DAT yẹn, kí ẹ wá mú MP3 níbi tí wọ́n ti ń yan irú ohun tí ẹ fẹ́. Ohùn tó wà lórí VCD, oríṣi kan tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n MP3 ni, MP2, 224kbps ni wọ́n sì fi ń ṣe é (kbps ni ìwọ̀n dátà tí ohùn ń gbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan). A ti rò ó lẹ́ẹ̀kan, a tún fẹ́ rò ó lẹ́ẹ̀kejì, kò sí bá a ṣe fẹ́ ṣe é. Nítorí náà, ẹ má lọ sísàlẹ̀ 192 fún àwọn wọ̀nyí.

Ó wá ku CD orin gidi, èyí tí ìbéèrè yín dá lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí àyè fi tètè kún. Láti ìgbà tí Sony àti Philips ti gbé CD jáde ní 1982, bákan náà ni wọ́n ń kọ orin sí i: ìgbà 44,100 ni wọ́n ń wọn ohùn náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fún etí ọ̀tún àti etí òsì, bit 16 fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀ (olùkọ́ ni yín, ẹ ò ní sá fún un), ìṣẹ́jú kan orin ń gba bíi 10.6MB. Ká ní pléètì kọ̀ọ̀kan Bàbá jẹ́ àádọ́ta ìṣẹ́jú, 41 rẹ̀ á jẹ́ ìṣẹ́jú 2,050, ìyẹn á sì lé ní 21GB. Ibi tí 4GB á ti gbà á kò sí. Tí laptop yín bá fi pamọ́ sí WAV, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí, àyè ò sì lè má kún. Tó bá jẹ́ WMA tàbí M4A ló fi pamọ́ sí, ìyẹn kéré ní tirẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ plẹ́yà olówó pọ́ọ́kú ò mọ M4A rárá. Wọ́n mọ MP3, àwọn kan mọ WMA, ó tán.

Ohun tí mo máa ń sọ fún èèyàn ni pé kí wọ́n má ṣe ti inú CD bọ́ sínú MP3 ní tààrà. Ẹ ní ìyá, kí ìyá wá bí ọmọ. Ìyá ni FLAC, tó ti wà láti 2001. Ó máa ń mú orin CD sí bíi ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, síbẹ̀ kò sọ ẹyọ kan nù nínú rẹ̀. Agbádá tí a ká sínú àpótí ni: tí ẹ bá tú u, gbogbo apá rẹ̀ ló pé. Ìyá á máa gbé inú laptop tàbí hard disk ní ilé, kò ní kan plẹ́yà. Ọmọ ni MP3 tí ẹ máa bí láti ara rẹ̀ fún Bàbá. Lọ́jọ́ tí plẹ́yà yìí bá bàjẹ́, tí ẹ ra èyí tó tóbi jù ú, ẹ ò tún ní máa ti pléètì 41 bọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá ṣì wà, á bí òmíràn. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin lẹ ń ṣe yìí, ẹ̀ẹ̀kan ló sì yẹ kéèyàn ṣe é láyé.

Èmi máa ń lo ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ fre:ac fún iṣẹ́ yìí. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè ṣe méjèèjì: á ka CD sí FLAC, á tún sọ FLAC di MP3. Tí pléètì bá ti họ, mo máa ń gbé e fún Exact Audio Copy, tí ọmọ Jámánì kan ṣe. Ó lọ́ra bí ìgbín, torí pé ibi tí kò bá dá a lójú, á kà á, á tún un kà, títí ohun tó ń kà á fi bára mu. Ẹ fi sílẹ̀ kó máa ṣe é lọ, kí ẹ lọ máa mákì ìwé àwọn ọmọ. Kí ẹ sì tó ti pléètì bọ̀ ọ́, ẹ nù ún. Eruku ọyẹ́ ìlú wa yìí kì í ṣe kékeré. Aṣọ tó fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi nù ún, láti àárín lọ sí etí ní tààrà, ẹ má fi yípo bí ẹni ń nu abọ́. Ẹ tún ṣọ́ ojú tí wọ́n kọ orúkọ sí: ibẹ̀ ni orin sún mọ́ jù, kì í ṣe ojú tó ń dán. Ẹni tó fi báírò kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀ lè ti kọ ọ́ sórí orin.

Ó wá kan MP3 fúnra rẹ̀. Àwọn ará Jámánì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣe é, ní ilé ìwádìí Fraunhofer, 1995 ni wọ́n sì sọ fáìlì rẹ̀ ní .mp3. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé ó máa ń wá ohun tí etí ò ní gbọ́ nígbà tí ohùn mìíràn bá bò ó mọ́lẹ̀, á sì sọ ọ́ nù. Bó bá ṣe kéré tó tí ẹ ní kó jẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa sọ nù tó, títí á fi dé ibi tí etí ń gbọ́. Orin wa gan-an ni èyí máa ń kọ́kọ́ hàn lára rẹ̀. Ẹ mú orin jùjú kan tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà nínú rẹ̀ dáadáa, ẹ yí ìṣẹ́jú kan rẹ̀ padà ní 96, ní 128, àti ní 192, kí ẹ wá ti earpiece bọ etí. Ní 96, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ò dún ṣá-ṣá-ṣá mọ́, ó ń dún ṣùwẹ̀-ṣùwẹ̀ bí ẹni ń fi omi ṣan ẹnu. Gángan náà, bí etí yín bá dáa, ẹ máa gbọ́ fẹ́rẹ́ kan tó ń ṣáájú kí kọ̀ǹgọ́ tó ba awọ. Ní 128, ó sàn, ṣùgbọ́n ó ṣì ń rúnra. Ní 192, èmi ò mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ mọ́ lórí plẹ́yà kékeré, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ etí ni mò ń jẹ. Bàbá tó ti ń gbọ́ ohun tí gángan ń wí láti kékeré, ẹ má fún wọn ní 96.

Ní 192, ìṣẹ́jú kan á gba 1.44MB. Ìṣẹ́jú 2,050 á jẹ́ bíi 2.95GB. Ó wọ inú 4GB, ó ṣẹ́kù. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi 320 ṣe é, ẹ sọ fún un pé á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5GB, plẹ́yà Bàbá ò sì ní ikùn bẹ́ẹ̀. Nínú fre:ac, LAME, tó ń ṣe MP3, ni kí ẹ mú, kí ẹ yan CBR 192, ìyẹn ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó mọ̀ ọ́n á ní VBR, tó ń yí ìwọ̀n padà bí orin ṣe ń lọ, ló dáa jù, òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ, lórí ẹ̀rọ tó dáa. Lórí plẹ́yà olówó pọ́ọ́kú, VBR lè mú kí aago orin máa purọ́, kí bọ́tìnì tí à ń fi sáré síwájú sì gbé èèyàn jù síbi tí kò fẹ́.

Àpàlà àti sákárà àtijọ́ yàtọ̀ díẹ̀. Yusuf Ọlátúnjí ti kú ní 1978, kí CD tó dé, Haruna Ìṣọ̀lá náà kú ní 1983, nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn tó dé. Nítorí náà, orin wọn tó wà lórí CD, láti ara àwo tàbí téèpù ni wọ́n ti gbé e wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ mono, ohùn kan náà létí ọ̀tún àti létí òsì. Tí ẹ bá gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí, ẹ yan mono, 96, èyí á ṣe wẹ́kú pẹ̀lú 192 ti stereo, tí ohùn ọ̀tún àti ti òsì dá wà, á sì gba ìdajì àyè. Ohun mìíràn tún wà ńbẹ̀ tí mo fẹ́ràn: ariwo pàkà-pàkà tí abẹ́rẹ́ máa ń ṣe lórí àwo kì í bára mu létí méjèèjì, tí ẹ bá wá pa wọ́n pọ̀ di mono, ariwo náà á rọlẹ̀ díẹ̀, ohùn olórin ò sì ní yí padà. Ìjálá Fọ́yánmu, tó jẹ́ pé ohùn ló pọ̀ jù níbẹ̀, èmi á fi mono ṣe é láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ti jùjú tó ń já. Lórí àwo, ojú kìíní lè jẹ́ orin kan ṣoṣo tó ń lọ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, láti inú orin kan bọ́ sínú òmíràn. Àwọn tó gbé e sórí CD máa ń fi ààlà sí i, orin 1, 2, 3, ṣùgbọ́n CD fúnra rẹ̀ kì í dúró níbi ààlà. MP3 ló ń dúró. Ègé ègé ni MP3 ń gbé ohùn, ègé kọ̀ọ̀kan gba ìwọ̀n 1,152, bí orin ò bá sì kún ègé tó gbẹ̀yìn, á fi ìdákẹ́jẹ́ dí i, á tún fi díẹ̀ síbẹ̀rẹ̀. Plẹ́yà tó gbọ́n máa ń gé ìdákẹ́jẹ́ yẹn kúrò. Ti Bàbá ò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, á tún fi àkókò tó fi ń wá fáìlì tó kàn lé e. Onílù ń lù lọ, wọ́n kàn gbá a létí. Ẹ lè tún un ṣe nínú fre:ac: ibi tí wọ́n ti kọ "Encode to single file" ni kí ẹ mú. Gbogbo ojú kìíní á di fáìlì kan. Bàbá ò ní lè fo orin kan, òótọ́ ni, àmọ́ nígbà ayé àwo, ta ló ń fo orin?

Ètò tó dà rú, ọ̀rọ̀ yẹn ò le. Ọ̀pọ̀ plẹ́yà kékeré ò mọ A, B, D. Bí fáìlì bá ṣe wọlé ni wọ́n ṣe ń tò ó, bí èrò ọkọ̀. Ẹ fọ mẹ́mọ́rì náà mọ́, ìyẹn format, kí ẹ yan FAT32 níbẹ̀, kí ẹ wá dà á kọ ní fódà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dúró kí ọ̀kan parí kí ẹ tó gbé èkejì, kí orúkọ fáìlì sì máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 01, 02, 03.

Orúkọ náà, ẹ má fi àmì sí i. Ó dùn mí láti kọ gbólóhùn yẹn. Ṣùgbọ́n Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ní "ẹ", kò ní "ẹ́" ní ẹyọ kan ṣoṣo, lẹ́tà kan àti àmì kan tí a tò jọ ni, plẹ́yà kékeré á sì sọ ọ́ di àmì ìbéèrè tàbí àpótí òfìfo. Lára ìyá, inú FLAC, ẹ kọ ọ́ bó ṣe yẹ, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Lára ọmọ, ẹ jẹ́ kí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ di "oko" kan náà. Bàbá ò kúkú ní kà á.

Tí orin kan bá ń pariwo tí òmíràn sì ń sọ̀rọ̀ sínú, ẹ gba MP3Gain sórí laptop, ẹ kó gbogbo MP3 náà sí i, ẹ fi 89 tó máa ń gbé kalẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ yan ti álíbọ́ọ̀mù, kì í ṣe ti orin kọ̀ọ̀kan. Kò ní tún orin náà rò, bí ohùn ṣe máa ròkè tó nìkan ló ń yí. Bí ẹnìkan ládùúgbò bá wá gbọ́ pé ẹ ní gbogbo èyí, tó ní kí ẹ bá òun da sí kádì kí òun lọ máa tà lọ́jà, ẹ má dá a lóhùn. Bàbá ra orin wọn, àwọn olórin náà sì ní ọmọ.

Ó ku ohun kan tí ẹ ò bi mí. Bàbá ò ní rí ojú plẹ́yà, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ fódà tí wọ́n wà? Ẹ gbé fóònù yín, kí ẹ fi ohùn ara yín sọ ọ́: "Bàbá, Haruna Ìṣọ̀lá rèé o." Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ti tó. Fóònù á fi pamọ́ sí M4A tàbí AMR, nítorí náà ẹ gbé e gba inú VLC kó di MP3, 44,100 bíi ti àwọn tó kù, mono. Ẹ sọ ọ́ ní 00, kí ẹ dà á kọ sínú fódà náà kí ẹ tó da 01 kọ.